Ọmọ parí ẹ̀kọ́ ṣọ́jà ní Zaria: ṣé gbogbo ẹbí ni kó lọ, àbí ká dúró dè é l'Ékòó?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Bàríga:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọkùnrin mi àgbà máa jáde ní Depot Zaria, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ṣọ́jà tuntun, lóṣù ọyẹ́ yìí, ó ti lo oṣù mẹ́fà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti ń kó èèyàn jọ, àwa mẹ́rìnlá ni wọ́n ní ká lọ, wọ́n fẹ́ háyà bọ́ọ̀sì, wọ́n tiẹ̀ ti ń wá aṣọ kámò bíi ti ṣọ́jà tí a máa fi ṣe aṣọ ẹbí. Ọkọ mi ní òun ò lọ síbì kankan, pé ọmọ tó mọ̀nà dé Zaria máa mọ̀nà padà wálé. Èmi fẹ́ lọ, àmọ́ ẹ̀rù ọ̀nà ń bà mí. Nígbà tọ́mọ pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ohùn ẹ̀ ti há, “Yes ma, yes ma” ló sáà ń wí, bí ẹni tí ò mọ̀ mí mọ́. Kí ni kí n ṣe?

* * *

Ẹ lọ, ma. Ẹ̀yin àtẹnì kan sí i. Tó bá pọ̀ jù, kẹ́ ẹ jẹ́ mẹ́ta. Ẹ má kó mẹ́rìnlá lọ.

Gààrí àti ẹ̀wà ni mo ń tà ní Òyìngbò, Èbúté-Mẹ́ta la ń gbé. Ọmọkùnrin mi kejì náà jáde ní Zaria. Àwa márùn-ún la lọ, mo sì kábàámọ̀ mẹ́ta nínú wa. Kì í ṣe torí owó ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Abẹ́ àtíbàbà lẹ máa jókòó. Wọ́n á máa wọlé bọ̀, ìlà lórí ìlà, orí gbogbo wọn fífá, fìlà kan náà, bàtà kan náà, apá ń lọ, apá ń bọ̀, bíi pé okùn kan ló so gbogbo wọn pọ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń pariwo “Òun nìyẹn! Òun nìyẹn!”, wọ́n ti nawọ́ sí ọmọ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èmi náà ò dá a mọ̀. Ọmọ tí mo fi ikùn mi bí. Ìgbà tí wọ́n yí padà, tí wọ́n kẹ̀yìn sí wa, ni mo rí àpá kan lókè etí òsì ẹnì kan. Ó gba àpá yẹn nígbà tó ṣubú létí kànga ilé bàbá mi ní Ìkòròdú, ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà yẹn. Irun ni kì í jẹ́ ká rí i. Irun ti lọ, àpá ti jáde. Mi ò pariwo. Ọwọ́ ọkọ mi ni mo dì mú, mo ní, “Ìlà kẹta, ẹ wo etí òsì.”

Nígbà tí wọ́n tú wọn ká, ọmọ sáré bọ̀. Kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti dì mọ́ ọn, àbúrò ọkọ mi ti gbé fóònù sókè, ó ń pe àwọn ará Kútọ́nu lórí fídíò pé kí wọ́n wá wo ṣọ́jà wa. Ọ̀kan ní kó dúró síhìn-ín. Ọ̀kan ní kó sàlúùtù kóun yà á. Gbogbo ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ń ṣe. Oṣù mẹ́fà ló ti fi ń ṣe ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe, àwa náà tún wá bẹ̀rẹ̀ tiwa. Kò tíì tó wákàtí méjì tí wọ́n fi fọn fèrè, wọ́n pè wọ́n padà. Ọ̀rọ̀ témi àtọmọ mi bára wa sọ lọ́jọ́ yẹn kò ju gbólóhùn mẹ́wàá lọ. Ó bi mí pé, “Mọ́mì, ẹsẹ̀ yín ńkọ́?”, torí ẹsẹ̀ ń dùn mí kó tó kúrò nílé. Mo ní ó ti san. Kò tíì san.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní èèyàn méjì.

* * *

Mo ti ka èsì táwọn mìíràn kọ sábẹ́ ìbéèrè yìí, àwọn tó ní ọmọ ẹbí lọmọ, pé kì í ṣe ìyá nìkan ló gbàdúrà fún un, pé ẹ̀gbọ́n bàbá ló yẹ kó ṣáájú. Inú ilé Yorùbá ni wọ́n ti tọ́ èmi náà, mi ò ní sọ pé kẹ́nikẹ́ni tàbùkù ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá lè ṣáájú ní Bàríga. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n mú ọjọ́, kí wọ́n pe ẹbí, kí wọ́n ní kí wọ́n kan àtíbàbà síwájú ilé dè é. Ẹ gbé e lé wọn lọ́wọ́ pátápátá. Tó bá gba kẹ́ ẹ kúnlẹ̀, ẹ kúnlẹ̀. Owó bọ́ọ̀sì èèyàn mẹ́rìnlá dé Zaria máa ra màlúù kékeré kan l'Ékòó.

Àwọn tó gbè sẹ́yìn ọkọ yín ni mi ò bá lọ rárá. Wọ́n ní àṣedànù ni, pé ṣọ́jà ò ṣe bí ọmọ ìyá ẹ̀. Àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ ò tíì rí ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò wá bá níbẹ̀. Èmi rí i. Ọmọ kan láti Òkìtìpupa, ọ̀rẹ́ ọmọ mi ni. Nígbà táwọn yòókù ń sáré lọ bá àwọn èèyàn wọn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi aṣọ pélébé kan nu bàtà rẹ̀, bàtà tó ti ń dán tẹ́lẹ̀. Ó nù ún, ó tún un nù. Ọmọ mi lọ fà á lọ́wọ́ wá, mo bu oúnjẹ fún un. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú yunifọ́ọ̀mù tuntun, nínú iyanrìn, ó ní “Ẹ ṣé, Mọ́mì.” Títí dòní ó ń pè mí.

Ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀rù ló wà nídìí ọ̀rọ̀ ọkọ yín. Tèmi náà kọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà Èkó ni ò fẹ́ gbọ́ orúkọ bárékè láti January 27, 2002, tí ohun ìjà bẹ̀rẹ̀ sí í bú ní kántómẹ́ǹtì Ìkẹjà, tí àwọn èèyàn sá lóru, tí ọ̀pọ̀ wọn kó sínú kánáàlì Òkè-Afá. Àwọn tó kú lé ní 1,000, ọmọdé ló pọ̀ níbẹ̀. Bàbá àwọn ọmọ mi wà ní Ìsọlọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn dé Èbúté-Mẹ́ta, wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Lọ́jọ́ tọ́mọ ní òun fẹ́ ṣe ṣọ́jà, “Òkè-Afá” lohun àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu wọn. Nígbà tí àkókò àtilọ sí Zaria tó, mi ò bá wọn jà. Mo ní kí wọ́n sáà bá mi gbé báàgì dé gárèjì Ìdó. Nígbà tá a dé Ìdó, wọ́n wọkọ̀.

* * *

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà. Ẹnì kan ní kẹ́ ẹ gba Jẹ́bà, Mokwa, Birnin Gwari, pé òun ló yá jù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbà á látijọ́. Ẹ má gbà á. Àwọn ajínigbé ti ba ọ̀nà Birnin Gwari jẹ́. Lọ́kọ́jà sí Àbújá, Àbújá sí Kàdúná, Kàdúná sí Zaria làwa gbà. Ó lé ní 900 kìlómítà, torí náà ẹ má jẹ́ kí awakọ̀ kankan tàn yín pé ilẹ̀ ò ní ṣú kẹ́ ẹ tó dé. Ẹ sùn l'Ábùjá.

Réluwéè wà láti Idu l'Ábùjá dé Rigasa ní Kàdúná, 2016 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní March 28, 2022 ni àwọn agbébọn kọlù ú, wọ́n pa èèyàn, wọ́n kó èèyàn wọgbó. December ọdún yẹn ló tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Èmi wọ̀ ọ́. Àwọn kan ní àwọn ò ní wọ̀ ọ́ láyé, mi ò bá wọn jiyàn, ojú ló ń rí ohun tó ń ba ọkàn lẹ́rù. Ẹ bi àwọn tó ń wọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ rìn bó ṣe ń ṣe. Ohun tí mi ò ní gbà kẹ́ ẹ ṣe ni ìrìn òru.

Ẹ dé Zaria ó kéré tán lọ́jọ́ tó ṣáájú. Àwọn Yorùbá pọ̀ ní Sabon Gari, wọ́n á júwe ibi tẹ́ ẹ máa sùn fún yín. Tẹ́ ẹ bá ti sọ “Depot”, kò sí ọlọ́kọ̀ tí ò mọ̀ ọ́n, 1924 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Chindit ni wọ́n ń pe bárékè náà. Ọkọ mi dúró wo orúkọ yẹn títí, torí bàbá àgbà tiwọn wà nínú àwọn tó lọ jagun Bọ́má, Chindit sì lorúkọ tí wọ́n ń pe àwọn tó wọ inú igbó lọ bá àwọn ará Jàpáánù jà lọ́hùn-ún ní 1944, ọmọ Nàìjíríà wà lára wọn. Àtìgbà yẹn ni wọn ò ti sọ̀rọ̀ Òkè-Afá mọ́ títí a fi délé.

Ọjọ́ POP, ìyẹn pàréèdì ìjáde wọn, máa ń yí padà o. Ẹnu ọmọ fúnra rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹnu aládùúgbò tó ní ẹ̀gbọ́n òun wà ní ológun. Kí ẹ sì mú káàdì ìdánimọ̀ dání, wọ́n béèrè tiwa ní géètì.

* * *

Aṣọ kámò: rárá. Tí ẹ̀gbọ́n ọkọ yín bá ti rà á ní Balógun, kí wọ́n lọ dá a padà lónìí. Òfin ò fàyè gbà á kí ará ìlú wọ aṣọ ológun tàbí ohun tó jọ ọ́. Ẹnì kan dáhùn pé òun rí i níbi ayẹyẹ kan ní Ṣómólú, pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ṣómólú nìyẹn. Iwájú géètì ṣọ́jà lẹ̀yin fẹ́ wọ̀ ọ́ dé, ojú ọmọ yín lẹ sì fẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Ẹ wọ àdìrẹ. Ẹ wọ nǹkan tó nípọn lé e, ọyẹ́ Zaria kì í ṣe ọyẹ́ Èkó. Òwúrọ̀ yẹn, ètè ọkọ mi là.

Fọ́tò náà, ẹ yà á fún ara yín, ẹ fi pamọ́. Mo mọ̀ pé inú á máa dùn yín. Àmọ́ àwọn ọ̀gá ológun ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọ ogun léraléra nípa ohun tí wọ́n ń gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn tí ọmọ yín máa lọ bá jà náà ní fóònù. Ẹ má kọ orúkọ rẹ̀ àti ibi tí wọ́n gbé e lọ sábẹ́ àwòrán kankan.

* * *

Mo rí i pé oúnjẹ lẹ ti ń jà lé lórí láti àná. Apá kan ní kẹ́ ẹ se ìkòkò ìrẹsì, kẹ́ ẹ pa ewúrẹ́, ọmọ ti jìyà. Apá kejì ní kẹ́ ẹ má gbé nǹkan kan, pé kò sí ohun tí ò sí ní máàmì mákẹ́ẹ̀tì, ọjà inú bárékè. Mi ò sí nínú méjèèjì.

Èmi se ìrẹsì ọ̀fadà àti ọbẹ̀ ayamáṣe láti ilé, torí òun ni ọmọ mi fẹ́ràn jù. Alẹ́ Tuesday ni mo sè é. Kí a tó dé Lọ́kọ́jà, ọbẹ̀ ti ń yọ fòfó nínú kúlà. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo dà á sẹ́bàá ọ̀nà, omi bọ́ lójú mi níbẹ̀, ẹnì kan nínú ọkọ̀ ní ìyá yìí ń sunkún ọbẹ̀. Kì í ṣe ọbẹ̀ ni mo ń sunkún.

Ohun tí ò bàjẹ́ ni gààrí Ìjẹ̀bú, ata díndín tí mo dì sínú agolo, ẹja gbígbẹ àti kúlíkúlí. Èyí lẹ lè gbé láti Èkó. Adìẹ, a rà á ní Sabon Gari, obìnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí a sùn nílé rẹ̀ ló yá mi ní síítóòfù, ìdájí ọjọ́ pàréèdì ni mo sè é. Kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Kẹ́ ẹ má sì bù ú pọ̀. Ọmọ mi ò jókòó jẹun. Ó dúró, ó gbé àwo sí igbá àyà, ó fi apá kan ṣíji bò ó, ó ti jẹ ẹ́ tán kí n tó rí ṣíbí tèmi. Mo tún bù sí i. Ó tún jẹ ẹ́. Èmi ń yọ̀ pé ọmọ ń jẹun. Lọ́jọ́ kejì ló ní inú run òun gbogbo òru. Ikùn tó ti mọ́ oúnjẹ bárékè lára fún oṣù mẹ́fà, díẹ̀díẹ̀ lèèyàn ń padà sí i.

* * *

Bàbá kan láti Múṣin yà kúrò lórí ọ̀rọ̀, ó ń bèèrè iye tí a san kí ọmọ tó wọlé. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ gbọ́: ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù ológun. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọmọ ti máa kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wò ni pé kó ti tó ọdún 18, kó má sì ju 22 lọ, tàbí 26 tó bá ní iṣẹ́ ọwọ́. Kọ́kùnrin ga tó mítà 1.68, kóbìnrin tó 1.65; kó ní páàsì mẹ́rin ó kéré tán nínú WAEC tàbí NECO. Èmi mọ ohun tí mò ń sọ, torí ẹnì kan gba owó lọ́wọ́ wa nígbà àkọ́kọ́ tó gbìyànjú. Ó ní òun máa bá wa fi orúkọ sínú lísìtì. Lísìtì jáde, orúkọ ò sí níbẹ̀, ẹni náà ò gbé fóònù mọ́. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọmọ lọ fúnra rẹ̀, kò san kọ́bọ̀, wọ́n mú un. Owó àkọ́kọ́ yẹn, owó àpò ẹ̀wà mẹ́rin ni.

Ẹni tí tirẹ̀ wà ní Nefí, ológun ojú omi, Onne ní Rivers ni wọ́n ti ń kọ́ wọn, ìrìn tiyín kò le tó tiwa. Ti Éfọ́ọ̀sì, ológun òfuurufú, Kàdúná ni. Ẹni tó bi mí nípa NDA, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀gá ológun, ìyẹn kì í ṣe oṣù mẹ́fà, ọdún márùn-ún ni, ọ̀gá ológun ni wọ́n ń dà tí wọ́n bá jáde, wọ́n sì ti ń gba obìnrin síbẹ̀ láti 2011. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún ọmọbìnrin yín pé iṣẹ́ ọkùnrin ni.

* * *

Mo fẹ́ padà sọ́dọ̀ ìyá Bàríga, torí kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn lórí “Yes ma” yẹn, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló sì ń dùn wọ́n.

Ohùn tó há, ariwo ló fà á. Ìdájí ni wọ́n ti ń sáré pẹ̀lú orin, ẹnu kíké ni wọ́n fi ń dáhùn gbogbo nǹkan, eruku ọyẹ́ tún wà níbẹ̀. Ó máa padà. Ti ọmọ mi gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì.

“Yes ma” náà, kì í ṣe pé kò mọ̀ yín mọ́. Nígbà tí tèmi wálé fún ìsinmi, àbúrò rẹ̀ obìnrin lọ jí i, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ó fò dìde nààró, ó ní “Sir!” Aago mẹ́rin àárọ̀, ẹ máa bá a lórí ìdúró, bẹ́ẹ̀dì ti tẹ́ bíi pé ẹnikẹ́ni ò sùn síbẹ̀. Tí àwo bá já lulẹ̀ ní kíṣìn, ó ti yíjú kẹ́ ẹ tó gbọ́ ọ. Mo ń bi í léèrè, “Ṣé o ti jẹun?” “Yes ma.” “Ṣé ó rẹ̀ ọ́?” “No ma.” Ọjọ́ méjì la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kejì ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń nu bàtà, mo jókòó tì í, mi ò bi í ní nǹkan kan mọ́. Mo kàn pè é ní Àkànní. Mo ki oríkì ilé bàbá rẹ̀ díẹ̀, ìwọ̀n tí mo mọ̀. Ó dáwọ́ bàtà dúró. Èjìká rẹ̀ wálẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó ní, “Mọ́mì, ó le o.” Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, a ò wọlé títí di aago kan òru.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ àwọn tó ní kẹ́ ẹ ṣe ayẹyẹ lọ́jọ́ tó bá dé. Kí ẹ̀gbọ́n bàbá mú ọjọ́ o, àmọ́ kó jẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán. Ẹ jẹ́ kó sùn. Ẹni tó bá wá kí i, ẹ ní ó ń sinmi.

Ẹ sì ṣọ́ra fáwọn ará àdúgbò. Kò tíì pé ọjọ́ mẹ́rin tí tèmi dé tí ìyá onílé kan fi wá bẹ̀ ẹ́ pé ayálégbé òun jẹ owó ilé oṣù mẹ́jọ, pé kó ṣáà wọ yunifọ́ọ̀mù dúró lẹ́nu géètì, kó má tiẹ̀ sọ̀rọ̀. Èmi ni mo dá wọn lóhùn kọ́mọ tó lanu. Mo ní kóòtù wà, agbẹjọ́rò wà, ọmọ mi ò lọ. Wọ́n bínú, wọn ò kí mi fún oṣù kan. Ẹnì kan níhìn-ín ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀, pé ìrànlọ́wọ́ ni. Ìrànlọ́wọ́ tó lè mú kí wọ́n lé ọmọ lẹ́nu iṣẹ́ tó fi oṣù mẹ́fà jìyà fún? Kó má sì wọ yunifọ́ọ̀mù wọ dánfó láìjẹ́ pé iṣẹ́ ló ń lọ. Kó san owó ọkọ̀ rẹ̀ bíi ti gbogbo èèyàn.

Owó oṣù àkọ́kọ́ tí àwọn kan ní ti ìyá ni: tó bá gbé e wá, ẹ gbà á, ẹ gbàdúrà sí i, ẹ mú díẹ̀ níbẹ̀, ẹ dá ìyókù padà. Ibi tí wọ́n máa gbé e lọ, ó máa nílò rẹ̀.

* * *

Ìyá Bàríga ti padà wá sọ pé ọkọ àwọn gbà, pé àwọn méjèèjì ló ń lọ, Thursday ni wọ́n máa wọkọ̀ ní Jíbówú. Ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn ṣì ń bínú. Ẹ fi sílẹ̀, ma. Ẹ pè wọ́n láti Zaria lọ́jọ́ náà, kí wọ́n jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí ọmọ máa bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Inú wọn á rọ̀.

Ẹ gbé ṣúgà àti ọṣẹ díẹ̀ sí ẹrù yín, tí ọmọ kan bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín tí ẹnikẹ́ni ò wá kí, ẹ fún un níbẹ̀. Ẹ má gbàgbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ọkọ yín. Kí ẹ sì lọ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ mú sílípáàsì rẹ̀ àtijọ́ dání, èyí tó ń wọ̀ kó tó lọ. Nígbà tí tèmi bọ́ bàtà ní Zaria, èékánná méjì ti dúdú lẹ́sẹ̀ rẹ̀, gìgísẹ̀ ti bó. Kò bèèrè omi, kò bèèrè ẹran. Ó wo inú báàgì wa, ó ní, “Mọ́mì, ẹ ò mú sílípáàsì mi wá?” A ò mú un wá.